Fọ́ọ̀mù tí ẹni tójú ẹ̀ ò ríran lè fọwọ́ ara ẹ̀ kọ: ẹ bá mi dá sí i

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ yín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi ní kí n gbé e wá síbí. Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, olùkọ́ ni wọ́n, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tójú wọn ò ti ríran mọ́, ṣùgbọ́n fóònù o, kọ̀ǹpútà o, kò sí èyí tí wọn ò lè tẹ̀, nídìí WhatsApp gan-an wọ́n yára jù mí lọ. Lóṣù tó kọjá wọ́n fẹ́ yá owó díẹ̀, mo fi fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ránṣẹ́ sí wọn bí mo ṣe ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, PDF ni. Kò pẹ́ ni wọ́n pè mí, wọ́n ní "Akọ̀wé, òfìfo lẹ fi ránṣẹ́ sí mi o, fóònù mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀." Mo ní bàbá, kò lè jẹ́ òfìfo, èmi náà ṣì ń wò ó báyìí.

Nígbà tó sú wọn, ọmọ àbúrò wọn tí ò tíì pé ogún ọdún ló bá wọn kà á síta ní pálọ̀: iye tí wọ́n ń gbà lóṣù, gbèsè tó wà nílẹ̀, nọ́ńbà BVN, gbogbo ẹ̀, òun náà ló kọ ọ́. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò sẹ́ni tí ò gbọ́ nínú ilé pé bàbá fẹ́ yáwó. Wọn ò bínú sí mi, ohun tí wọ́n sọ ni ò kúrò létí mi: "Ọwọ́ mi ò rọ o Akọ̀wé, ojú ni ò ríran." Mo fẹ́ tún fọ́ọ̀mù yẹn ṣe kí wọ́n lè dá a kọ láìsí ẹnikẹ́ni láàárín. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́_Ọ̀yọ́

Akọ̀wé, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè, ọ̀pọ̀ ni kì í bèèrè. Èmi náà ò ríran, iṣẹ́ olùkọ́ náà ni mò ń ṣe. JAWS, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta, ni mo kọ́kọ́ lò, owó ẹ̀ ju agbára mi lọ, NVDA ni mò ń lò báyìí torí ọ̀fẹ́ ni, ọkùnrin kan ní Ọsirélíà, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006, James Teh ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá dara pọ̀ mọ́ ọn, ojú tiwọn náà ò ríran. Tó bá jẹ́ orí fóònù, TalkBack ti wà nínú Android, VoiceOver ti wà nínú iPhone, ẹnikẹ́ni ò rà á lọ́tọ̀.

Ohun tó ṣe bàbá yẹn ò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń kàwé fún wa yìí, lẹ́tà ló ń kà, kì í ka àwòrán, mo sì fura pé ṣe lẹ síkáànù fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi máòsì fa ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́pì í. Tí kò bá mú ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, tó jẹ́ odindi ojú ìwé ló mú pa pọ̀, ẹ mọ̀ pé fọ́tò ìwé lẹ fi ránṣẹ́, ẹ ò tíì fi ìwé ránṣẹ́. Létí ẹ̀rọ mi, fọ́tò fọ́ọ̀mù àti fọ́tò ewúrẹ́, ọ̀kan náà ni.

A máa ń wá ọgbọ́n sí i o. Nínú NVDA, tí mo bá di Insert mú tí mo tẹ R, á ní kí Windows wo àwòrán yẹn kó yọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jáde, ó máa ń gbìyànjú tó bá jẹ́ gẹ̀ẹ́sì tí títẹ̀ ẹ̀ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n Yorùbá tó ní àmì lórí máa ń di ìdàrúdàpọ̀ sí i lọ́wọ́. Tó bá tiẹ̀ wá kà á dáadáa, kò sí ibi tí mo máa kọ ìdáhùn sí. Á jẹ́ kí n mọ ohun tí wọ́n ń bi mí, mi ò ní lè dáhùn.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Mo ti dán an wò, gbogbo ojú ìwé ló mú lóòótọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ fọ́ọ̀mù yẹn kí n tó dé ipò, fọ́tòkọ́pì ẹ̀ la ń lò látọjọ́ yẹn, èmi ni mo síkáànù ẹ̀ lọ́dún tó kọjá tí mo rò pé mo ti ṣe bẹbẹ. Mo máa tún un tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Alàgbà_Ṣùnmọ́nù

Ẹ má bínú o, ìbéèrè ni mo fẹ́ bi. Ṣé kò ní yá jù bẹ́ẹ̀ lọ kí akọ̀wé kàn pe bàbá yẹn lórí fóònù, kó máa bi wọ́n, kó máa kọ ọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ni láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn.

Olùkọ́_Ọ̀yọ́

Alàgbà, mo mọ̀ pé inú ire lẹ fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó ń ríran, kọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀ ló ti máa ń kọ fọ́ọ̀mù owó, á kọ igba náírà, á pa á rẹ́, á kọ ọgọ́rùn-ún, á gbé e sílẹ̀ di alẹ́, á bá ìyàwó ẹ̀ sọ ọ́ kó tó fi ránṣẹ́. Èmi tí mo bá ń pè é sí ẹlòmíì létí, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo fẹ́ yí i padà tójú ò ní tì mí? Mo ti buwọ́ lu ìwé kan rí tẹ́nì kan kà fún mi, ó fo ìlà méjì torí ó rò pé kò ṣe pàtàkì, ọdún kan gbáko ni mo fi san owó tí mi ò mọ̀ pé mo gbà láti san. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n pe òun, kí wọ́n pè é, kò burú, ṣùgbọ́n kó jẹ́ òun ló yàn án.

Èkejì, ẹnì kan ṣoṣo yẹn lẹ mọ̀. Àwọn tójú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ tí wọn ò sọ fún yín ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá

Olùkọ́, èmi lẹ ń sọ yẹn. Glaucoma ni wọ́n ní ó ń ṣe mí, ojú mi ò fọ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti ṣú, tí lẹ́tà ò bá tóbi mi ò lè kà á. Mi ò lo ẹ̀rọ tó ń kàwé, mo máa ń fẹ ojú fóònù tóbi ni. Akọ̀wé ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àwa náà. Èyí tó ń pa mí lára jù ni lẹ́tà eérú lórí funfun, gbogbo wọn ló ń ṣe é báyìí wọ́n ní ó rẹwà. Ẹ kọ ọ́ ní dúdú lórí funfun kó já gaara. Ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan mo kọ fọ́ọ̀mù kan tán wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n ní "ẹ kọ ohun tó wà ní pupa", mi ò sì mọ èyí tó wà ní pupa nínú gbogbo ẹ̀. Kí wọ́n kọ "dandan" sí iwájú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kọ́lá_Wẹ́ẹ̀bù

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ sọ òótọ́ níbẹ̀. Ìlànà tí gbogbo ayé ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, WCAG ni wọ́n ń pè é, ti 2.2 tó jáde ní October 2023 ni tuntun, ó ní kí ìyàtọ̀ àwọ̀ lẹ́tà àti ẹ̀yìn ẹ̀ tó 4.5 sí 1 ó kéré tán, lẹ́tà ńlá lè jẹ́ 3 sí 1. Ohun èlò ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa bá yín wọ̀n ọ́n, ẹ kàn máa fi àwọ̀ méjèèjì sí i ni.

Akọ̀wé, tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní lo PDF fún fọ́ọ̀mù rárá. Google Forms ni màá fi ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣí lórí fóònù kékeré, ẹ̀rọ àwọn Olùkọ́ náà sì máa ń kà á dáadáa torí gbogbo ìbéèrè tẹ́ ẹ bá kọ ló máa ń so mọ́ àpótí ìdáhùn ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fọ́ọ̀mù tí ò dáa ṣe máa ń dún létí, mo ti jókòó ti ọ̀rẹ́ mi kan rí tó ń lo NVDA. Ó tẹ Tab, bọ́tìnì tó ń gbéni láti àpótí kan sí òmíì, ẹ̀rọ ní "edit, blank", ìyẹn àpótí òfìfo. Ó tún tẹ̀ ẹ́, "edit, blank". Ìkẹta, "edit, blank". Ojú mi ń rí i kedere pé orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gàdàgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìkànnì yẹn ò so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àpótí, ojú nìkan ló fi tò wọ́n síra wọn. Òógùn bò mí lọ́jọ́ náà torí iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe nìyẹn, mo sì mọ̀ pé mo ti ṣe irú ẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi. Èyí tó dáa máa ń sọ pé "Orúkọ bàbá, edit, required", ẹ máa kọ tiyín lọ nìyẹn.

Ẹ yẹra fún ìbéèrè onígíríìdì, èyí tí wọ́n máa ń to ìdáhùn ní ìbú àti òró, ó máa ń sọ wọ́n nù sáàárín. Ẹ bi ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi àlàyé sínú àpótí kó máa pòórá téèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé, ẹ kọ ọ́ sókè. Ẹ ṣètò ẹ̀ kó máa fi ẹ̀dà ìdáhùn ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹni tó kọ ọ́, kí bàbá lè padà kà á fúnra wọn. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi Tab, àwọn bọ́tìnì olórí ọfà, Space àti Enter nìkan kọ ọ́ látòkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti há, ibẹ̀ ni bàbá náà máa há sí.

Adéọlá_Tẹ̀wé

Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Wọ́ọ̀dù torí ìwé òfin ẹgbẹ́ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìyẹn ò ní jẹ́ Google Forms. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti tẹ àkọlé ni pé ká fẹ̀ ẹ́ tóbi ká sọ ọ́ di bold. Ojú ló ń rí ìyẹn. Ẹ fi Heading 1 àti Heading 2 sí i, Ctrl Alt 1 àti Ctrl Alt 2 ni lórí kíbọ́ọ̀dù, ìgbà yẹn lẹ̀rọ tó mọ̀ pé àkọlé ni. Bákan náà, ẹ má fi spacebar ta ọ̀rọ̀ lọ sápá ọ̀tún, ẹ má fi Enter mẹ́wàá wá ojú ìwé tuntun, àti ìlà gbọọrọ tá a máa ń fà fún "Orúkọ: ________" yẹn, ẹ̀rọ míì á máa ka "underscore, underscore" títí, òmíì á dákẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwòrán tàbí àmì ẹgbẹ́ tó bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí ẹ̀, ẹ yan Alt Text, ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi Review, Check Accessibility wà níbẹ̀, á sọ ohun tó kù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di PDF, Save As ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì wo inú Options pé wọ́n maàkì ibi tí wọ́n kọ document structure tags sí. Ẹ má lo Print to PDF, á gé gbogbo iṣẹ́ àkọlé yẹn dànù. Mo ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ oníbàárà kí n tó mọ̀.

Olùkọ́_Ọ̀yọ́

Adéọlá, ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Àkọlé yẹn, ẹ ò mọ bó ṣe rí. Ẹ̀yin máa ń fi ojú gbá ìwé olójú ewé ogún lọ́wọ́ kan, ẹ ti rí ibi tẹ́ ẹ ń wá. Lẹ́tà H lèmi fi ń ṣe é lórí ìkànnì àti nínú PDF tí wọ́n ṣe dáadáa. Mo tẹ H, ó bọ́ sórí àkọlé kan, mo tún tẹ H, ó bọ́ sórí òmíì. Tí àkọlé ò bá sí, àfi kí n jókòó gbọ́ ọ láti "Ẹ káàbọ̀" títí dé ìsàlẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Yorùbá gan-an torí kò sẹ́lòmíì tó máa bá wa sọ ọ́. Ohùn gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ wa, ẹnu òyìnbó ló fi ń ka Yorùbá, ó ti mọ́ wa lára, a máa ń gbọ́ ọ. Ohun tí a ò lè gbọ́ ni ìwé tí wọ́n fi àwọn fọ́ńtì àtijọ́ tẹ̀, èyí tí wọ́n kàn ya lẹ́tà ẹ sórí àmì míì tí ò jọ ọ́. Lójú yín, lẹ́tà ẹ ni, létí mi, àmì owó tàbí lẹ́tà ilẹ̀ ibòmíì ni. Àwọn kan náà wà tó jẹ́ underline ni wọ́n fi sábẹ́ o dípò àmì, underline yẹn kì í dún rárá, ọkọ di oko, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wá di nǹkan míì pátápátá nínú ìwé ẹ̀yáwó. Ẹ lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tòótọ́, Gboard ní in lórí fóònù, kí ẹ́ àti ọ̀ yẹn jẹ́ Unicode, ìyẹn lẹ́tà tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ kọ́pì gbólóhùn kan kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ WhatsApp. Tó bá dé ibẹ̀ tó ṣì jẹ́ bó ṣe rí, ó dáa. Tó bá yí padà, tàbí tí ìlà abẹ́ ẹ̀ bọ́, ẹ tún un tẹ̀.

Àbúrò_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, òfin kan jáde ní 2018 tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba kí ìkànnì wọn ṣeé lò fún gbogbo èèyàn, ìgbà yẹn la wá rí i pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún PDF la ti kó jọ síbẹ̀ tí ò ṣeé kà. Ohun tí àwọn ará GOV.UK, ìkànnì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gba gbogbo èèyàn níyànjú ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sójú ìkànnì fúnra ẹ̀, kí wọ́n fi PDF sílẹ̀. Nítorí náà mo fara mọ́ Kọ́lá. Ẹ ò tíì ní òkìtì PDF bíi tiwa, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Alàgbà_Ṣùnmọ́nù

Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n tí alága bá ní kí la ń ṣe wàhálà sí, ṣé òfin kankan wà nílẹ̀ wa níbí?

Kọ́lá_Wẹ́ẹ̀bù

Ó wà, alàgbà. Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ya àwọn akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀, ti 2018 ni, January 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú. Ilé iṣẹ́ tó bá rú u, mílíọ̀nù kan náírà ni owó ìtanràn, ẹnì kan ṣoṣo, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Èkó ti ní tiẹ̀ láti 2011. Ṣùgbọ́n èmi ò ní fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alága, màá ní kí bàbá yẹn fúnra wọn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ wọn.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé, ọ̀sẹ̀ méjì nìyí. Mo fi Google Forms ṣe é, ìbéèrè mọ́kànlá, mo yọ àwọn kan tó jẹ́ pé a ti mọ ìdáhùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíi nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n dara pọ̀ mọ́ wa, mi ò mọ̀dí tá a fi ń bi wọ́n látijọ́. Mo gbé máòsì pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ bí Kọ́lá ṣe wí, mo há níbi ọjọ́ tí wọ́n máa parí owó, kàlẹ́ńdà tó jáde níbẹ̀ dà mí láàmú, mo bá sọ ọ́ di ìbéèrè lásán: "Oṣù mélòó lẹ fẹ́ fi san án?" Kí wọ́n kọ nọ́ńbà. Ti buwọ́lùwé, ìgbìmọ̀ gbà pé kéèyàn kọ orúkọ ẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, kí n wá pè é lórí nọ́ńbà tá a mọ̀ mọ́ ọn kó fọwọ́ sí i lẹ́nu. Ti onídùúró, wọ́n pín in sọ́tọ̀, onídùúró á gba líǹkì tiẹ̀, kò ní rí iye tí bàbá ń gbà lóṣù. Gbogbo ẹgbẹ́ ló fẹ́ràn ìyẹn, kì í ṣe bàbá nìkan.

Mo fi líǹkì ránṣẹ́ sí bàbá lọ́jọ́ Tuesday ní ìrọ̀lẹ́. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje lálẹ́ ni ìdáhùn wọn wọlé. Mo pè wọ́n láàárọ̀, wọ́n ní wọ́n ti mú iná lọ́jọ́ náà, inú òkùnkùn làwọn ti kọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ilé ti sùn, àwọn fi íafóònù sétí, àwọn kọ iye kan, àwọn pa á rẹ́, àwọn tún un kọ. Wọn ò sọ iye tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún mi, èmi náà ò bèèrè.

Ọ̀kan ló kù. Ìṣirò owó oṣooṣù, Excel ni mo fi ń ṣe é, màá ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà màá jù ú sórí gúrúùpù. Mo ti mọ̀ pé fọ́tò yẹn ò dáa. Kí ni kí n ṣe sí i?

Olùkọ́_Ọ̀yọ́

Ẹ kú orí ire Akọ̀wé. Ẹ má fi í sórí gúrúùpù rárá, owó olúkúlùkù ni. Ẹ fi fáìlì Excel tiwọn nìkan ránṣẹ́ sí wọn, ìlà àkọ́kọ́ kó jẹ́ orúkọ òpó kọ̀ọ̀kan, oṣù, ìfowópamọ́, ẹ̀yáwó, èyí tó kù. Ẹ má da àpótí méjì pọ̀ mọ́ra wọn láti fi ṣe àkọlé ńlá, ẹ má fi ìlà òfìfo sáàárín kó lè rẹwà, tá a bá bọ́ sínú òfìfo a máa ń rò pé ó ti parí. Ẹ kọ orúkọ oṣù sísàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Sheet1 sí. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ti oṣù yìí, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ yọ orúkọ àti owó kúrò nínú ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n fi NVDA gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó fún bàbá.